Ìkíni Àárọ̀ ní Ilé Ìwọ̀n

Aago tó wà láyà Màmá mi dún nítorí pé wọ́n ní kí n wá jẹun.

"Bọ̀sípò, wá jẹun kí o tó jáde," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Aago ké, iná yàrá kú, fáànù dúró sójú kan. Agbọ́rọ̀ tó wà lọ́rùn wọn, gíláàsì pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ohùn obìnrin kan jáde láti inú rẹ̀, ohùn tó mọ́ tónítóní, tí kò ní ìyá, tí kò sì bímọ.

"Tún un sọ," ló wí.

Kò tilẹ̀ ní "ẹ tún un sọ." Tún un sọ! Sí obìnrin tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tí wọ́n ti kọ́ ìdajì ìlú yìí níwèé, tí ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé kò sí bàtà tó gbà wọ́n mọ́.

Màmá mi gbé ṣíbí kalẹ̀. Wọ́n wo gílóòbù tó kú, wọ́n wo èmi náà, wọ́n wá rọra sọ ọ́ bí ọmọ iléèwé tó ń ka ohun tí kò yé e: "Ẹ wá jẹun, mà, kí ẹ tó jáde."

Iná tàn. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo jókòó sídìí ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín, àmọ́ ẹ̀kọ náà di ẹrẹ̀ lẹ́nu mi. Ìyá tó bí mi pè mí ní "mà".

Ìrọ̀lẹ́ àná ni Ilé Ìwọ̀n fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí gbogbo agbọ́rọ̀ tó wà ní Òkè-Ìtura pé mo ti fẹ́ di Ẹni-Ńlá. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ ti rú òfin, ì báà jẹ́ ẹni tó fi ọmú sí mi lẹ́nu. Èmi náà kò sì gbọ́dọ̀ tẹríba fún ẹni kékeré kankan. Nígbà tí mo jáde láti yàrá mi láàárọ̀, tí orúnkún mi ti ń lọ ilẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, Màmá mi ti sáré na ọwọ́ mú mi léjìká. Wọ́n mi orí. Bí n kò ṣe kí ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò ṣẹlẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a jà.

Bí ẹ ò bá gbé Òkè-Ìtura rí, ó lè yà yín lẹ́nu. Gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ níbẹ̀ ni agbọ́rọ̀ máa ń kọ síta láyà onítọ̀hún. Tèmi kò sí lọ́rùn mi lọ́jọ́ yẹn, Ilé Ìwọ̀n ti gbà á láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹni kékeré bá ní "mo", lẹ́tà rẹ̀ á kéré bí ìdin. Bí Ẹni-Ńlá bá ní "Èmi", È yẹn nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gíláàsì. Ìdí nìyẹn tí àwọn Ẹni-Ńlá kì í fi í sọ pé "mo" mọ́ láyé wọn. Èmi ti jẹun. Èmi fẹ́ sùn. Mo ti gbọ́ tí ọkùnrin kan tó ní agbádá lọ́rùn ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé, "Ẹ yàgò, Èmi fẹ́ tọ̀," tí lẹ́tà rẹ̀ ń dán yinrinyinrin. Nínú ìwé tèmi yìí, bí ẹ bá rí È ńlá, ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ló fà á.

Kí ló wá gbé mi débẹ̀? Kíndìnrín Màmá mi ni. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn orí òkè, ibùsùn sì wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, àmọ́ Ẹni-Ńlá nìkan ni wọ́n ń gbà, tàbí òbí tó bá ti kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó di Ẹni-Ńlá níwájú ẹ̀rọ ní Ilé Ìwọ̀n. Dókítà ti sọ fún mi pé bí Màmá ò bá débẹ̀ láìpẹ́, kí n máa múra sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹnjiníà omi ni mò ń ṣe. Àwa la tún ẹ̀rọ tó ń fa omi gun òkè ṣe lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn Ẹni-Ńlá ń fi omi inú ike bọ́jú. A pọ̀ tí a jọ ṣe é. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yin ẹnì kan, wọ́n ní orúkọ kan ṣoṣo ni ògiri Ilé Ìwọ̀n gbà, wọ́n mú tèmi. N kò kọ̀ ọ́, nítorí ibùsùn yẹn.

A jáde. Lórí àtẹ̀gùn ni a ti pàdé Bàbá Lánihun, télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Wọ́n ju bàbá mi lọ dáadáa. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n fa etí mi níbẹ̀ yẹn pé mo da omi sí aṣọ oníbàárà wọn, mo sì ń bẹ̀ wọ́n. Láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe rí mi báyìí, gbalaja ni wọ́n nà sórí sìmẹ́ǹtì. Fìlà wọn yí bọ́ sínú omi dúdú tó ń jò láti ara páìpù.

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa!" ni wọ́n ń sọ láti ilẹ̀. "Ẹ má gbàgbé wa o, mà. Ọmọ mi ọkùnrin ò tíì níṣẹ́, mà. Ìránṣẹ́ yín ni wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé wọn dìde, Màmá mi sì fà mí láṣọ. Bí Ẹni-Ńlá bá fọwọ́ kan ẹni tó wà nílẹ̀, ẹni tó wà nílẹ̀ ni wọ́n máa fìyà jẹ. Àtẹ̀gùn náà há. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo ká aṣọ mi sókè, mo sì ré àgbàlagbà kọjá bí ẹni ré gọ́tà kọjá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń dúpẹ́ lẹ́yìn mi. Ara mi rí mi lára. Ká ní mo lè bọ́ awọ ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ níbẹ̀, ǹ bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí okùn irin ń fà gun òkè, èmi àti Màmá nìkan la wà. Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n fi wé agbọ́rọ̀ náà nípọn-nípọn bí ẹni di ẹ̀wà gbígbóná, wọ́n sì tì í sábẹ́ apá. Ìgbà náà ni wọ́n tó mí.

"Ó ń gbọ́ díẹ̀ díẹ̀ báyìí," ni wọ́n wí. "Bọ̀sípò, kí ló ń ṣe ọ́? Ojú ẹ ti funfun."

"O" yẹn wọ̀ mí lára bí omi tútù. Mo ní, "Mo ré Bàbá Lánihun kọjá, mà."

"Mo rí ọ."

"Ta ló bí irú ìranù báyìí?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá sì bi olùkọ́ ní ìbéèrè, àìsàn kì í dí wọn lọ́wọ́. "Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń fi lẹ́tà ńlá kọ 'I' tiwọn, tí wọ́n sì ń fi kékeré kọ 'you' ti ẹlòmíràn. Wọ́n ní ṣé wọ́n ju gbogbo ayé lọ ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn kan ní lẹ́tà yẹn ló tín-ín-rín jù. Òun nìkan dá dúró láàárín ọ̀rọ̀, ojú lè fò ó. Àwọn akọ̀wé àtijọ́ bá fà á gùn kó má baà sọnù."

"Ìbẹ̀rù ni, nígbà náà. Kì í ṣe ìgbéraga."

"Ìbẹ̀rù ló kọ́lé. Ìgbéraga ló wá gbà á háyà." Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tó wú sórí àga iwájú. "Wọ́n tún ń fi lẹ́tà ńlá kọ 'He' fún Ọlọ́run. Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi pé, ó dáa, Ọlọ́run tóbi, èmi náà tóbi, ìwọ tó wà láàárín wa nìkan lo kéré. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí nìyẹn."

"Àwa ńkọ́, mà?"

"Àwa? Ẹni tó wà níwájú wa là ń sọ di púpọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró, a ní 'ẹ káàbọ̀', bí ẹni pé gbogbo agbo ilé rẹ̀ ló tẹ̀lé e wá. Ẹnu ara ẹni kọ́ la fi ń gbé ara ẹni ga. Àwọn tó ṣe òfin yìí wá mú tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú tiwa, wọ́n pò wọ́n pọ̀ bí ẹni po ògì mọ́ epo ọkọ̀. Ta ló fẹ́ mu ún?"

"Ẹ jẹ́ ká padà sílé," ni mo sọ. "N kò fẹ́ ẹ mọ́."

"Kí o lè sin mí?" Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Gbọ́ mi dáadáa. Mo ti kúnlẹ̀ fún ọ rí, lọ́jọ́ tí mo bí ọ, ìkúnlẹ̀ yẹn sì dùn mí ju tòní lọ. Èyí ò lè pa mí. Ohun tó ń kó mi nírìíra ni pé wọ́n máa ní kí o dúró máa wò mí. Dúró náà. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní ṣe wèrè níbẹ̀."

Mo ṣèlérí. Wọ́n tú ìborùn kúrò lára agbọ́rọ̀ nígbà tí a dé òkè, wọ́n sì di ẹni kékeré padà.

Ilé Ìwọ̀n ń rùn. Wọ́n fi òróró olóòórùn dídùn pa ilẹ̀ ibẹ̀, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ ni òórùn orúnkún wà, òógùn àwọn arúgbó tí ẹ̀rù ń bà. Ògiri iwájú jẹ́ gíláàsì látòkè délẹ̀. Tìmùtìmù pupa kan wà níwájú ògiri náà tí àárín rẹ̀ ti jìn sínú, ojú orúnkún àwọn ìyá àti bàbá ẹni.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ṣówándé, wá pàdé wa. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹ̀rọ wọn kò sì sí nínú ìwé yìí, nítorí náà "ó" ni mo máa pè é. Ètè rẹ̀ ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran tí kò nu ẹnu.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀yin tuntun wa!" ló wí fún mi, lẹ́tà ńlá méjì sì tàn láyà rẹ̀. Kò wo Màmá mi. "Èmi ti ń retí Yín. Ṣé ó mọ bó ṣe máa ṣe é?"

Ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìyá mi ni "ó" yẹn.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n," ni mo dáhùn.

"Ó mọ̀ ọ́n," ló tún un ṣe fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bẹ̀rù, ó máa mọ́ Yín lára. Ohun tó dára nínú ẹ̀rọ wa yìí ni pé kò mọ ìtàn, kò mọ ẹni tó bí ẹnì kan. Orúnkún ló mọ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ lórí tìmùtìmù yẹn ni kékeré, ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún ni Ńlá. Ó parí. Ohun tó bá ti kọ, Èmi gan-an ò lè pa á rẹ́."

"Bí ẹnì kan bá ṣàṣìṣe ńkọ́?"

"Ẹni tó bá já bọ́ níbí, Ìsàlẹ̀-Ọsà ló ń lọ lọ́jọ́ yẹn náà." Ó yínmú. Ìsàlẹ̀-Ọsà ni ibi tí omi iyọ̀ ti ń wọlé bá èèyàn lórí ẹní, tí kò sí dókítà, tí kò sí fáànù. "Àmọ́ ta ló máa ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀?"

Àwọn kan wà níwájú wa. Ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún dúró sẹ́bàá tìmùtìmù, bàbá rẹ̀ sì ń kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ọmọ náà ò wò wọ́n. Ògiri ló ń wò, níbi tí È ti ń dàgbà, tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ó la ẹnu sílẹ̀, itọ́ ń kán. Nígbà tí bàbá náà ní "Ẹ kú oríire, Ẹ̀yin", ọmọ náà ní, "Èmi gbọ́," ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè rí i dáadáa. Èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá náà ò lè dìde, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló wọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àpò gààrí. Mo ti rí ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ rí, mo ti tọwọ́ bọ inú páìpù gbogbo ìlú. Kò sí èyí tó rí mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pe orúkọ mi.

Mo lọ dúró síbi tí wọ́n fi hàn mí. Mo ti pinnu. Mo máa dúró, mo máa wo ògiri, mo máa sọ "Èmi" wọn yẹn, ìyá mi á sì sùn sórí ibùsùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó bá kù lára mi lẹ́yìn náà, kí ajá jẹ ẹ́.

Màmá mi rìn wá. Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ àga kan mú. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, orúnkún wọn sì ró kàù. Ẹnu wọn fún pọ̀. Wọ́n gbójú sókè wò mí láti mọ̀ bóyá mo ń mú ìlérí mi ṣẹ.

Kò sí ìgboyà kankan nínú ohun tí mo ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìn mí. Àárọ̀ ni. Ìyá mi ló wà níwájú mi, a ti jí láti ìgbà yẹn, n kò sì tíì kí wọn. Ara mi ṣe ohun tó ti ń ṣe láràárọ̀ kí orí mi tó dá sí i. Mo rí ara mi lórí tìmùtìmù pupa yẹn, orúnkún mi méjèèjì wà nínú ihò tí àwọn arúgbó gbẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo wí. "Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ìyá mi ṣì di àga mú, wọn ò tíì kanlẹ̀.

"Ẹ dìde!" Ṣówándé ké. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ dìde, kí ni Ẹ ń ṣe yìí, Ẹ..." Ó wo ògiri. Orúkọ mi ń rọ, ó ń kéré, ó di bíńtín. Ó tún wò mí, ojú rẹ̀ sì yí padà kíá bí ẹni tó pa ewé dà. "Dìde níbẹ̀! Òmùgọ̀! Ìwọ, dìde!"

Láìmú mí kúrò nílẹ̀, ó ti yíjú sí Màmá mi. Orúkọ wọn ti kún gíláàsì láti igun dé igun. Ṣówándé dọ̀bálẹ̀, òun tó ń pè wọ́n ní "ó" níṣẹ̀ẹ́jú tó kọjá. "Ẹ̀yin Màmá wa," ló ń sọ, ètè dídán yẹn ń kan ilẹ̀. "Àṣìṣe ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ti kọ ọ́. Ibùsùn Yín ti wà nílẹ̀. Ẹ kàn sọ̀rọ̀ sí ògiri kó lè fìdí múlẹ̀, Ẹ̀yin."

"Ọmọ mi ńkọ́?" ni wọ́n bi í.

"Ìsàlẹ̀-Ọsà, mà. Lónìí. Òfin ni. Bí Ẹ ò bá sì sọ̀rọ̀, Ẹ̀yin méjèèjì ló ń lọ."

Màmá mi wò ó látòkè délẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà tó ń wá ibi tó máa nù ún sí. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò: pé kí wọ́n kọ̀ ọ́, kí wọ́n tẹ̀ lé mi lọ kú síbi omi iyọ̀. Mo mi orí. Omi ti ń bọ́ lójú mi.

"Ẹ dá mi lóhùn, mà," ni mo sọ. "Mo kí yín."

"Mo jí dáadáa, ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Ògiri gbà á. Kò rí "Èmi" tó ń wá, ó bá sọ "Mo" di gàgàrà, ó kọ ọ́ ga ju orí gbogbo wa lọ, òun nìkan láàárín gíláàsì gbòòrò yẹn. Màmá mi gbórí sókè wò ó.

"Ẹ wo bó ṣe dá wà," ni wọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ń ṣe mí láàánú."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń bọ̀ láti mú mi. Mo mọ ohun tí mo máa bá nísàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ omi wà, ibẹ̀ ni àwọn tí a jọ tún un ṣe ń gbé. Lọ́jọ́ tó bá tún bàjẹ́, kí Ṣówándé máa fi "Èmi" rẹ̀ pọnmi gun òkè. Ohun tí n kò mọ̀ ni bóyá mo tún máa rí ìyá mi.

Màmá mi fi àga sílẹ̀. Wọ́n rìn dé ọ̀dọ̀ mi lórí ẹsẹ̀ wíwú yẹn, wọ́n fi etí ìborùn nu ojú mi, wọ́n sì gbọn eruku kúrò léjìká mi bí ìgbà tí mò ń lọ síléèwé. Agbọ́rọ̀ wọn kò sí nínú aṣọ, ó ń fì láàárín wa. Ṣówándé gbójú sókè láti ilẹ̀, ó ń retí aago.

"Bọ̀sípò, dìde," ni wọ́n wí. "O ti ń ba aṣọ ẹ jẹ́."

Kò dún.